Fọ́tò X-ray ti Inú Egungun Ojú: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Ọ̀fìnkìn Kò Jẹ́ Kí Ó Sinmi

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí koríko gbẹ, tí eruku sì bo ojú ọ̀nà oko, nígbà náà ni ọ̀fìnkìn ń mú tọmọdé tàgbà. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn a sàn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn kì í tán bọ̀rọ̀: imú wọn a dí, iwájú orí a máa fọ́ wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn a wúwo bí ẹni pé a gbé ẹrù lé e, bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ láti mú ọkọ́ nílẹ̀, ìrora náà a pọ̀ sí i. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni dókítà máa ń sọ fún nígbà mìíràn pé kí wọ́n lọ ya fọ́tò X-ray. Ẹlòmíràn a gbọ́ èyí, àyà rẹ̀ a já; ẹlòmíràn a yọ̀, a rò pé ìwòsàn ti dé. Àwọn méjèèjì ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, nítorí ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

1. Àwọn ihò tí ó wà nínú egungun ojú

Egungun orí ènìyàn kò rí bí òkúta tí inú rẹ̀ dí. Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá dá ihò sínú rẹ̀, tí kò sí ohun mìíràn nínú wọn bí kò ṣe afẹ́fẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni a pín àwọn ihò náà sí, wọ́n sì wà ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì. Ti èkíní wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú. Àwọn ni ó tóbi jù. Ti èkejì wà ní iwájú orí, lókè irun ojú. Ti ẹ̀kẹta jẹ́ yàrá kéékèèké bí afárá oyin, láàárín ojú méjèèjì. Ti ẹ̀kẹrin wà ní ẹ̀yìn gbogbo wọn, ó jìn sínú orí. Sinus ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè wọ́n.

Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ó tutù bí awọ inú imú, ni ó bo inú àwọn ihò wọ̀nyí. Awọ náà a máa sun omi yíyọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí a sì máa gbá omi náà lọ sí ẹnu ihò, títí yóò fi dé inú imú, tí yóò sì gba ọ̀fun lọ. Bí ìyàwó ilé ti ń gbá àgbàlá ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í sinmi lọ́sàn-án tàbí lóru. Eruku àti kòkòrò àrùn tí ènìyàn fà sí imú ni wọ́n ń gbá dànù.

Ẹnu ọ̀nà àwọn ihò náà kéré púpọ̀. Ti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tilẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lápá òkè, bí ìkòkò omi, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀. Omi inú ìkòkò kò lè ṣàn jáde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a dojú rẹ̀ délẹ̀. Nítorí náà, àfi kí àwọn irun wẹ́wẹ́ wọ̀nyí máa ti omi náà gòkè. Nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú kí awọ inú imú wú, ẹnu ọ̀nà a dí, omi a sé sínú ihò, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀ ó lè di ọyún. Èyí ni ó ń fa ìwúwo ojú, orí fífọ́, àti ikun tí ó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Gbòǹgbò eyín ọ̀kánkán ẹ̀rẹ̀kẹ́ lókè sún mọ́ ilẹ̀ ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ́kípẹ́kí. Bí irú eyín bẹ́ẹ̀ bá jẹrà, ọyún ìdí rẹ̀ lè wọ inú ihò náà, kí ènìyàn sì máa pè é ní ọ̀fìnkìn.

2. Ohun tí X-ray jẹ́

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀mọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm Conrad Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí, ṣùgbọ́n tí ó ń gba inú ohun tí ìmọ́lẹ̀ lásán kò lè là kọjá. Nítorí pé kò tí ì mọ irú ohun tí ó jẹ́, ó fi lẹ́tà X sọ ọ́ lórúkọ, èyí tí àwọn oníṣirò fi ń dúró fún ohun tí a kò mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ya àwòrán egungun ọwọ́ aya rẹ̀, òrùka ìka rẹ̀ sì hàn nínú rẹ̀ kedere. Ní ọdún 1901 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Kò fi àwárí rẹ̀ pamọ́ láti tà á. Ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 1895 yìí kan náà ni àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro ní Abẹ́òkúta.

Àwọn tí ń sin adìẹ mọ ọ̀nà kan tí ó jọ iṣẹ́ X-ray. Ní òru, wọn a gbé ẹyin sí iwájú iná, wọn a sì wo inú rẹ̀ láìfọ́ ọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ wà a mọ́lẹ̀. Ibi tí ọmọ ti ń dàgbà a ṣú. X-ray náà ń la ara kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹran ara a dí i lọ́nà díẹ̀, egungun a sì dí i lọ́nà púpọ̀. Kìkì pé lórí fọ́tò, àwọ̀ wọn yí padà sí ti ẹyin: ibi tí ìtànṣán ti kọjá a dúdú, ibi tí egungun wà a funfun. Nítorí náà ihò tí ó mọ́, tí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀, a hàn dúdú. Èyí tí omi tàbí ọyún wà nínú rẹ̀, tàbí tí awọ rẹ̀ ti wú, a hàn bí ìkùukùu.

3. Ta ni ó yẹ kí ó yà á?

Ọ̀fìnkìn lásán kò béèrè X-ray. Kòkòrò tí ó kéré jùlọ, tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara fúnra rẹ̀ a sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 10. Bí a bá ya ẹni tí irú ọ̀fìnkìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ìkùukùu lè wà nínú fọ́tò rẹ̀, síbẹ̀ fọ́tò náà kò lè sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì ni ó fà á tàbí kòkòrò mìíràn tí ó ń béèrè oògùn. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ fún aláìsàn pé, “Kò sí ìdí láti ya fọ́tò,” kò fi í ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni kò fi nǹkan dù ú. Owó rẹ̀ ni ó ń bá a ṣọ́.

Àwọn tí ó yẹ kí dókítà ronú àwòrán nípa wọn ni ẹni tí àìsàn náà ti ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ fún; ẹni tí ó ń padà sí i lára léraléra láàárín ọdún kan; ẹni tí ó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni ó ń dùn ún, tí ikun tí ń rùn tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ihò imú kan; àti ẹni tí ó farapa ní ojú.

Ní ti ọmọdé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ihò ojú rẹ̀ kò tí ì dàgbà tán. Ti iwájú orí kì í sábà hàn lórí fọ́tò títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún 6 tàbí 7. Bí ikun tí ń rùn bá ń jáde ní ihò imú kan lára ọmọ kékeré, ohun tí ó yẹ kí ìyá kọ́kọ́ rò ni èso àgbàdo, ẹ̀wà, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ ti bọ̀ sí imú. Kí ó má ṣe fi igi tàbí abẹ́rẹ́ wá a. Kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ẹ̀rọ mìíràn wà tí ó ju èyí lọ, tí a ń pè ní CT. Ní ọdún 1971 ni a kọ́kọ́ fi í wo orí aláìsàn, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Òun a máa fi inú orí hàn ní ìpele-ìpele, bí ẹni gé iṣu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí ó sì ń wo ojú gbígé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ dókítà ni ó fẹ́ràn rẹ̀ nísinsin yìí ju fọ́tò lásán lọ, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù, ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì sí ní gbogbo ìlú. Níbi tí kò bá sí, fọ́tò X-ray lásán ṣì wúlò, bí ẹni tí yóò kà á bá mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

4. Ìmúra sílẹ̀

Kò sí ààwẹ̀ nínú rẹ̀. Kí aláìsàn jẹun, kí ó mu omi, kí ó sì lo oògùn rẹ̀ bí ó ti máa ń lò ó. A kò ní gún un ní abẹ́rẹ́.

Gbogbo irin tí ó wà ní orí àti ní ọrùn ni kí ó bọ́: yẹtí, òrùka imú, píìnì irun, awò ojú, eyín àtọwọ́dá tí ó ṣeé yọ, àti ẹ̀gbà ọrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbélébùú ni ó rọ̀ mọ́ ọn. Irin a máa dí ìtànṣán lọ́nà, a sì máa bo ohun tí a ń wá. Obìnrin tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ di irun kí ó tú u kí ó tó kúrò nílé, kí ó sì tú gèlè nígbà tí ó bá dé ibẹ̀.

Obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó ń rò pé òun lè lóyún, kí ó sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí ojú má ṣe tì í. Òtítọ́ ni pé orí ni ìtànṣán náà dojú kọ, kì í ṣe ikùn. Síbẹ̀ ó tọ́ kí dókítà mọ̀, kí ó lè pinnu bóyá ó ṣeé dá dúró.

Bí ó bá ti ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí, kí ó mú ti àtijọ́ dání. Fọ́tò méjì tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn a máa sọ ohun tí ọ̀kan kò lè sọ.

5. Bí a ti ń yà á

A ó mú aláìsàn wọ yàrá kan tí ẹ̀rọ wà. A ó mú un jókòó tàbí kí ó dìde dúró, kí ó kọjú sí pátákó kan, kí ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí àgbọ̀n àti imú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pátákó náà. A lè ní kí ó ya ẹnu, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí ihò tí ó jìn sẹ́yìn. Nígbà mìíràn a ó tún ya ọ̀kan tí iwájú orí kan pátákó, àti ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹlòmíràn tí ó rẹ̀ a máa béèrè pé kí ló dé tí a kò jẹ́ kí òun dùbúlẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí a bá gbé ìgò epo tí kò kún dúró, ojú epo náà a dúró gbọọrọ, a ó sì rí ibi tí epo pin sí àti ibi tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tẹ́ ìgò náà sílẹ̀ tí a sì ń wò ó láti òkè, epo a tàn ká gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìgò, a kì yóò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi inú ihò ojú rí. Bí aláìsàn bá wà ní ìdúró tàbí ní ìjókòó, ìlà ojú omi náà a hàn, ìlà yìí sì jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì fún dókítà.

Ẹni tí ń ya fọ́tò yóò sọ pé, “Má mira, dá èémí dúró.” Kí aláìsàn gbọ́ràn, nítorí pé bí orí bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán a bàjẹ́, a ó sì ní láti tún un yà. Òṣìṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ẹ̀yìn ògiri kí ó tó tẹ ẹ̀rọ. Kì í ṣe pé ó ń sá fún aláìsàn. Aláìsàn wá fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n òun ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, bí kò bá sì ṣọ́ra, ìtànṣán a pọ̀ jù fún ara rẹ̀. Kò sí ìrora, kò sí ooru, kò sì sí òórùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

6. Ṣé ewu wà nínú rẹ̀?

Ìtànṣán díẹ̀ ń bẹ nínú ayé láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ó ń ti inú ilẹ̀ jáde, ó sì ń ti ojú ọ̀run wá, kò sì sí ẹni tí kì í kàn. Èyí tí fọ́tò ihò ojú ń fi kún un kéré. Kò ju èyí tí ènìyàn ń gbà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kì í dúró nínú ara lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀rọ, aláìsàn kì í sì gbé e lọ fún àwọn ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n pé ohun kan kéré kò wí pé kí a máa fi ṣeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn láti ya ohun kan náà.

7. Lẹ́yìn tí a bá ti yà á

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń dùn, tí ikun tí ń rùn sì ń jáde ní ihò imú òsì. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó jókòó ti ènìyàn mọ́ nínú ìjọ. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ó ń lò. Ó ta ewúrẹ́ méjì, ó lọ ya X-ray. Nígbà tí a fi fọ́tò náà lé e lọ́wọ́, ó gbé e lọ sílé, ó fi í kọ́ sára ògiri, ó sì ń dúró de ìwòsàn. Nígbà tí ìwòsàn kò dé, ó ta iṣu, ó lọ sí ìlú mìíràn, ó tún yà á. Ìgbà mẹ́ta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, kò sì gbé ọ̀kankan padà fún dókítà láti kà.

Níkẹyìn, aya rẹ̀ kó fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tò wọ́n sí iwájú iná. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún dúdú, ó mọ́. Ti òsì ṣú bákan náà. Ó wí pé, “Baba, ẹ ya ẹnu.” Eyín kan wà lókè ní apá òsì tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Ọkùnrin náà ní eyín náà kò dun òun mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà òun kò sọ ọ́. A yọ eyín náà, a fọ inú ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́, a sì fún un ní oògùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan òórùn náà lọ, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀ àtijọ́ nínú ìjọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní, X-ray kì í ṣe oògùn. Ojú ni, kì í ṣe ọwọ́. Ó ń rí àrùn, kì í wò ó sàn. Èkejì, fọ́tò nìkan kò tó. Dókítà ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn, kí ó sì wo imú àti eyín rẹ̀. Ohun tí aláìsàn bá fi pamọ́, ẹ̀rọ lè má bá a sọ ọ́.

8. Nígbà tí kò yẹ kí a dúró de fọ́tò

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ipenpeju bá wú tí ó sì pọ́n. Bí ojú bá yọ síta, tí ó ń rí ohun kan ní méjì, tàbí tí ó ń ṣú. Bí orí bá ń fọ́ gidigidi tí ọrùn sì le. Bí aláìsàn bá ń sọ ìsọkúsọ pẹ̀lú ibà líle, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní wéré, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ọyún inú ihò ti ń wá ọ̀nà sí ojú tàbí sí ọpọlọ nìyẹn.

9. Ìtọ́jú ilé

Kí a se omi kí ó hó, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife kan, kí a sì fi fọ imú jẹ́jẹ́. Kí a má ṣe lo omi odò tàbí omi kànga láìsè é, nítorí kòkòrò aṣekúpani lè wà nínú rẹ̀. Kí a má ṣe kán epo kẹrosíìnì sí imú. Kí a yẹra fún áṣáà àti èéfín. Ẹni tí ń pa ìrẹsì tàbí tí ń gbá ilé adìẹ, kí ó fi aṣọ bo imú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ìyókù oògùn ẹlòmíràn.

Ìbéèrè fún ìkẹ́kọ̀ọ́

1. Ọ̀nà mélòó ni àwọn ihò inú egungun ojú pín sí, níbo ni wọ́n sì wà?
2. Kí ló dé tí omi fi ń sé sínú ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́?
3. Kí ni ó ń hàn dúdú lórí fọ́tò X-ray, kí ni ó sì ń hàn bí ìkùukùu?
4. Kí ló dé tí a fi ń ya aláìsàn ní ìdúró tàbí ní ìjókòó?
5. Kí ni obìnrin tí ó lóyún gbọ́dọ̀ ṣe?
6. Àṣìṣe wo ni àgbẹ̀ náà ṣe, kí ni ó sì ná an?
7. Sọ àmì mẹ́ta tí kò jẹ́ kí a dúró de fọ́tò.